Ìgbésí Ayé Mùlíkàt Àṣàbí Ògúnjọbí, Ẹni Tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Tètè Yé Wa (1961–1999)

Ìwó Olódò Ọbà ni wọ́n bí olóògbé sí lọ́dún 1961, ní agbo ilé Alágbẹ̀dẹ. Télọ̀ ni Sùlàímọ́nù bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ta aṣọ. Ó ka ìwé mẹ́fà níbẹ̀, ó parí Kùránì, ó sì kọ́ òwò lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ní 1984, ó fẹ́ Alhaji Waheed Ògúnjọbí. Wọ́n bí Ganiat lọ́dún kejì. Ní 1990, wọ́n kó wá sí àdúgbò Abu Shagara ní Sharjah níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Olóògbé ń ra aṣọ ọmọdé ní ọjà Naif ní Dubai, ó ń kó o ránṣẹ́ sí Lagos. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù á ti máa ní, “Khalas, mama, khalas,” ìyẹn ni pé ó ti tó, kó tó dúnàádúrà tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1993, ó bí Làtífù. Alhaja Asiat, ìyá Waheed, wá láti Lagos láti wẹ ọmọ. Kò pẹ́ tí ìka ọwọ́ àti orúnkún olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láàárọ̀, kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì lè gbé ọmọ rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ kí àlejò. Ta ni kò ní fura? Alhaja ní owó Dubai ti gun ìyàwó lórí. Ẹnì kan ní ẹ̀rọ amúlétutù ló fà á, ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Olóògbé pàápàá kò mọ èyí tí òun ì bá gbà. Ó máa ń bi ọkọ rẹ̀ pé, “Àbí ọ̀lẹ ni mo ń ṣe?”

Wọ́n fún un lóògùn nílé ìwòsàn. Nígbà tí ara yá, ó dá a dúró. Ṣé a rí ẹni tí ibà ti lọ lára rẹ̀ tó ṣì ń lo oògùn ibà? Àìsàn náà padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà náà ni Alhaja sọ ọ́ jáde: “Waheed, ìyàwó rẹ ò fẹ́ ọmọ yìí. Mò ń gbé e lọ sí Lagos.” Olóògbé mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń rò pé bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Kí wọ́n tó gbéra, Waheed kó ìyá rẹ̀ àti olóògbé lọ bá dókítà obìnrin kan, ará Íńdíà, ní ilé ìwòsàn Al Baraha ní Dubai, ó sì ń túmọ̀ fún wọn. Dókítà ní, “Ẹ sọ fún màmá pé ìrọ̀lẹ́ tí ara ìyàwó yín ń yá kì í ṣe irọ́, òwúrọ̀ tí kò lè dìde náà kì í ṣe irọ́. Bí àìsàn yìí ṣe ń ṣe nìyẹn.” Ó ní ara ló ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà, a kì í sì í dá oògùn rẹ̀ dúró tí ara bá yá. Ó wá béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Olóògbé bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ kejì, Alhaja fúnra wọn ló ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún un láti ki ọwọ́ bọ̀. Nígbà tí físà wọn parí, àwọn nìkan ló lọ, wọ́n fi Làtífù sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ní 1995, olóògbé padà sí ọjà. Ìyá oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ bá wú, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, olóògbé á bi í pé, “Ṣé àárọ̀ ló máa ń le?” Á sì wọ́ ọ lọ rí dókítà.

Ní oṣù kẹta 1999, àìsàn náà dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Oríkèé la mọ̀ ọ́n mọ́. Bó ṣe rìn débẹ̀ kò yé wa dòní. Sharjah la sin ín sí.

Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ sáyé, àti ìyá ọkọ rẹ̀, Ganiat, àti Làtífù, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò ì tíì ní ọmọ-ọmọ. Lẹ́yìn fídáù yìí, Làtífù á bá Alhaja ìyá àgbà rẹ̀, tí wọ́n wá fún un, lọ sí Lagos. Alhaja fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ́ síbí, kó lè kà á tó bá dàgbà, pé ìyá rẹ̀ fẹ́ ẹ, àní láwọn òwúrọ̀ tí kò lè gbé e.

Àṣàbí, kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sí Àlùjánnà. Sinmi, ara á tù ọ́.