Èmi, Rísì àti Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó Inú Fóònù

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú òjò tí kò jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀gẹ́ sá. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo kí Àǹtí Sàlámátù àtàwọn ọmọ wọn. Rísì, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bí inú ṣe ń bí ẹ tó yẹn. Ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, torí bí mo bá fi í sórí fóònù Rísì pé kó kà á fún yín, ó máa fo gbogbo ibi tí mo ti dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí Ààfáà ilé kejì bá yín kà á.

Ara mi le. Òjò ń rọ̀ níbí náà, ọ̀nà ilé mi ní Ojú Ọrẹ, ní Ọ̀tà níbí, ti di ẹrẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga rọ́bà ni mo ṣì wà. Ọ̀bẹ ni mo fi ń gé etí àga tó bá ti inú ẹ̀rọ jáde, ìyẹn rọ́bà tó bá yọ létí rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Kásúà ni wọ́n ń pe àwa òṣìṣẹ́ ojúmọ́. Ẹnu géètì la máa ń dúró sí láàárọ̀ títí ọ̀gá á fi na ìka sí ẹni tó bá wù ú. Ọdún kẹta rèé tí ó ti ń na ìka sí mi, mo sì dúpẹ́.

Ẹ bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí èmi àti Rísì kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa, gémù ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Gémù kan wà lórí fóònù tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn jọ ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ìlú oríṣiríṣi. Ìlú wà nínú rẹ̀, igbó wà, odò wà, kálukú sì ní jagunjagun tirẹ̀ tó ń darí. Rísì ló fi mí mọ̀ ọ́n. Ó ní a ó máa rí ara wa níbẹ̀, bí a ò tiẹ̀ rí ara wa nílé ní Ìwó. Inú mi dùn gan-an, torí ẹ mọ̀ pé mo ń dá gbé, mo ń dá jẹun.

Ẹ wá wo nǹkan tí mo ṣe. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, nígbàkigbà tí mo bá wọlé, jagunjagun mi á kàn dúró sẹ́nu géètì ìlú inú gémù náà ni. Mo rò pé ẹnì kan á wá mú mi. Rísì bá mi níbẹ̀, ó bi mí pé ta ni mò ń dúró dè, pé kò sẹ́ni tó ti géètì. Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun. Ojú tì mí.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà wa ti yà. Bí èèyàn bá ń pa ẹranko nínú gémù yìí, ipele rẹ̀ á máa ga sí i. Mo rí pápá kan tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó pọ̀ sí, mo sì dúró síbẹ̀. Ẹ má bínú, Màámi, pípa la ń pa á, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́. Bí mo bá pa ọ̀kan, òmíràn á yọ. Ipele ogójì ni mo fẹ́ dé, torí ẹni tó bá dé ibẹ̀ nìkan ni ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ nínú gémù ń mú wọ ààfin kan lábẹ́ òkè. Rísì ní tirẹ̀ kì í pa nǹkan kan, ìrìn ló ń rìn. Á ní òun rí afárá kan, òun rí abúlé kan tí gbogbo ilé rẹ̀ wà lórí igi, kí n wá wò ó. Mo ní kó jẹ́ kí n dé ogójì ná, pé ìrìnkiri ò ní sọ ẹnikẹ́ni di nǹkan kan. Ó ní bí mo ṣe ń gé etí àga lọ́sàn-án ni mò ń gé ẹlẹ́dẹ̀ nírọ̀lẹ́, pé ta ló rán mi. Mo bú u.

Mo dé ogójì, èmi àti ẹgbẹ́ mi sì wọ ààfin náà. Rísì pa ìbínú tì, ó bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Iye ohun tí a pa níbẹ̀ ni mo kà fún un. Mi ò tiẹ̀ mọ àwọ̀ ògiri rẹ̀. Ó rò pé mo ń fi pamọ́ fún òun ni. Bó ṣe pa ẹnu dé nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà lẹ pè mí, tí ẹ bi mí pé báwo ni Ọ̀tà ṣe rí. Mo ní ìlú náà tóbi, mo ní ọjà rẹ̀ kún. Ẹ foríjì mí, mi ò dé ọjà Ọ̀tà rí. Yàrá mi, Toll Gate ní Ṣàngó tí mo ti ń wọ ọkọ̀, àti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ni mo mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé Rísì ló jàre tán. Dátà tó fi ń rìn kiri, èmi ni mò ń rà á, etí àga ló sì ń san án. Bàbá máa ń ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin náà máa ń ní ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ilé kan náà lẹ ti tọ́ wa, ta ni ká wá gbọ́ tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi rò.

Lánàá, Rísì fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Ọ̀tà ní Sátidé, kí n mú òun rìn yí ìlú ká. Ọ̀gá wa sì ti sọ pé Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n máa mú lára àwa kásúà tí wọ́n máa sọ di òṣìṣẹ́ gidi, ẹni tí wọn ò bá rí lẹ́nu géètì, ó tún di ìgbà mìíràn. Mo bẹ Rísì kó sún un sí Sọ́ńdè. Ó ní mo tún ti ní kí òun jẹ́ kí n dé ogójì ná.

Mo ní kó máa bọ̀ ní Sátidé náà, pé mi ò ní lọ sẹ́nu géètì. Mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni tàbí agọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, Sátidé á ti kọjá. Èmi tí mo ti gbé Ọ̀tà fún ọdún mẹ́ta, àti Rísì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, àwa méjèèjì la jọ máa béèrè ọ̀nà.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kó fi àlùbáríkà sí ọwọ́ yín, kó fún Bàbá ní ìlera. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ sì kí Ààfáà tó ń bá yín kà á. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní mo wà láàyè, orí mi ló kàn dàrú díẹ̀.

Èmi ni Kàmọ́rù,
ọmọ yín.