Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọ Ààfin Ìlú Orí Ìgbín?

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú òjò tó ń rọ̀ ní Èkìtì. Láti Egbeda níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ìta gbangba lórí ayélujára ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí Dáre, ọmọ àbúrò yín, kò gbé fóònù mi mọ́. Bóyá yóò kà á níbi tí kò ti lè pa á rẹ́.

Iṣẹ́ tíṣà ìtàn ni mo ṣì ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, èmi àti Dáre ń ṣe eré tuntun kan tí a ó máa ta lórí tábìlì bí ẹni tó ń ta lúdò. Ìlú àròsọ ni, orí ẹ̀yìn ìgbín ńlá kan ni a kọ́ ọ sí. Bí ìgbín bá rìn, ilé á rìn. Mo fi amọ̀ mọ ilé, ààfin àti àwọn ará ìlú, tí kò sẹ́ni tó ga ju ìka ọwọ́ lọ nínú wọn. Dáre ló ń kùn wọ́n. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó ń wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Gowon Estate, a ó sì máa sọ èdè ilé títí ọ̀dà á fi gbẹ, òjò kì í sì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Màmá, láàárín ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi èdè ilé bá mi sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo kọ òfin eré náà. Mo kọ ọ́ pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ ààfin kí ọba, àti pé olórí Ìsàlẹ̀ ni yóò ṣáájú, kí ti Òkè tó tẹ̀lé e. Mo rò pé àròsọ ni mò ń kọ. Dáre, tó jẹ́ ọmọ Òkè nílùú wa, kà á, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó béèrè bóyá bàbá mi ló bá mi kọ ọ́. Ó ní pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, mo ṣì gbé Ìsàlẹ̀ sẹ́yìn kiri bí ìgbín ṣe ń gbé ìkarahun. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí a bí ní Òkè, tí ẹ wá ṣe aya ní Ìsàlẹ̀, ẹ mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́kọ́ kí ọba lọ́jọ́ ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nílùú wa.

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí a máa fi dáìsì pinnu rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé a kì í ta lúdò sí ipò àgbà. Mo lọ sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, èèyàn mẹ́fà ń bọ̀ wá ta eré náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ ti wọṣọ tán lórí tábìlì. Àwọn ará Òkè ṣì jẹ́ amọ̀ lásán, wọn kò lójú, wọn kò lẹ́nu. Mo gbìyànjú láti kùn wọ́n fúnra mi, mo tún nù ún kúrò. Kì í ṣe eré ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀rù ń bà mí pé òótọ́ ni Dáre sọ: mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú wa ni mò ń kọ; mo kàn fẹ́ kí tiwa ṣáájú níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò ti lè jiyàn.

Màmá, ẹ bá mi pè é. Ẹ má bá a sọ ọ̀rọ̀ ààfin. Mo ti ya ojú ìwé òfin yẹn kúrò. Kí ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òmíràn. Bí ó bá fi Òkè ṣáájú, n óò fi olórí Ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, n kò sì ní bínú. Tábìlì tí Dáre kò bá sí nídìí rẹ̀, n kò fẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún ilé méjèèjì tó ni yín. Ẹ bá mi kí àwọn ará Ìsàlẹ̀, ẹ bá mi kí àwọn ará Òkè. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ rí ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Èmi ni ọmọ yín ní Egbeda,
Túndé