Èèṣì Ẹnu Adìyẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ìdúró, kú ìjókòó abẹ́ fáànù tó o ní ó ń fẹ́ ìwé dànù lórí tábìlì. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kó o tó jáde? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ ọ́. Àwa tibí wà láàyè: èmi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, adìyẹ mẹ́rìndínlógún, àti pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo tí mò ń pè ní Màdáámù nítorí ìrìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo fi mú gègé. Àwọn adìyẹ káfíńtà aládùúgbò wa kú tán, mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ méjì, ni ìjọba bá rán dókítà àwọn ẹran ọ̀sìn sí wa, ọmọbìnrin kan tí kò lè jù ọ́ lọ, tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Ó ní bí àrùn náà bá wà lára ẹyọ kan péré nínú tèmi, gbogbo wọn ni wọ́n máa pa, àtèyí tára rẹ̀ le. Àyà mi já. Ìwọ náà mọ̀ pé látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ sinmi, tíwọ náà sì ti lọ sí ìlú ńlá, àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Bí wọ́n bá kó wọn lọ, ta ni n óò máa bá jà?

Mo bi í kí ni wọ́n ń pe àrùn ọ̀hún, ó dárúkọ kan tó jọ nọ́ńbà ọkọ̀. Ohun témi gbọ́ ni "èèṣì fáìfù, ẹnu wọn". Fáìfù ṣáà ni márùn-ún, mo wá gbà pé èèṣì márùn-ún ló ń ti ẹnu wọn jáde. Bó ṣe lọ tán, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo fi àjákù aṣọ rán ìbòmú mẹ́tàdínlógún, ti Màdáámù fẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì tó bá àkùkọ nínú ìbòmú aládòdó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi: H5N1. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tú u kúrò lẹ́nu wọn kí wọ́n lè mí.

Ó fi òwú orí igi nu ọ̀fun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ló jókòó là á yé mi. Ó ní kòkòrò yìí kéré débi pé ojú kò lè rí i, pé ègé mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, àti pé bí oríṣi méjì bá pàdé nínú ẹyẹ kan, wọ́n á pààrọ̀ ègé, ohun tó máa jáde níbẹ̀ kò ní jọ bàbá, kò ní jọ ìyá. Mo ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, iṣẹ́ mi ló ń ṣàlàyé fún mi yẹn. Apá lára èyí, ọrùn lára tọ̀hún, kòkòrò náà ń rán aṣọ ni! Ó ń dá àrà tuntun kí ara ẹyẹ má bàa dá a mọ̀. Ó ní àwọn ẹyẹ omi tó ń fò láti ìpẹ̀kun ayé kan sí èkejì ló ń gbé e kiri, wọ́n á sọ̀ sétí odò wa, wọ́n á yàgbẹ́, wọ́n á tún gbéra.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn ọ́. Ṣebí pápákọ̀ òfuurufú lo ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà àwọn èèyàn? Báwo wá làwọn ẹyẹ wọ̀nyí ṣe ń kọjá lórí yín láìsí ìwé kankan? N kò sọ pé o ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́. Kí ẹ máa gbójú sókè.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo dá. Kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ̀fun wọn, mo ti sáré gbé Màdáámù pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, mo ní kí ló kàn án? Àfi bí dókítà ṣe ní pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn náà kiri láìṣe bí aláìsàn rárá, kó sì kó o ran gbogbo agbo. Ojú tì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e jáde, mo sì jẹ́wọ́. Kò bínú, ó kàn fi òwú nu ọ̀fun tirẹ̀ náà ni.

Ó ní èsì á wọlé sórí fóònù mi. Níwọ̀n bó ti jẹ́ èsì tiwọn, mo gbé fóònù sínú ilé adìyẹ kí wọ́n lè tètè gbọ́, ni àgbébọ̀ dúdú bá lọ sàba lé e. Ó rò pé ẹyin ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bí mo bá nawọ́ sí i, á ṣá mi lọ́wọ́. Àfìgbà tó dún lábẹ́ rẹ̀ tó fò sókè, gbogbo ilé dàrú. Mo gbé e sétí. Dókítà ní ara gbogbo wọn mọ́, àti ti Màdáámù. Mo jó láàárín ìyẹ́ àti ìgbẹ́, mo sì sunkún díẹ̀. Mo ti ṣèlérí òròmọdìyẹ méjì fún káfíńtà, tí dókítà bá gbà á láyè.

Wàyí o, wọ́n ní kí n ta àwọ̀n bo ilé adìyẹ lórí kí àwọn ẹyẹ àjèjì má bàa wọlé wá bá wọn jẹun. Mo nílò owó àwọ̀n, owó ìṣó àti ti igi mẹ́rin. Káfíńtà ní òun á bá mi kàn án lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní ó ṣeun, mo lẹ́ni tó máa kàn án. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti fojú kàn ọ́ kẹ́yìn, ọmọ mi. Àwọn adìyẹ ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kì í dá mi lóhùn. Bó bá jẹ́ owó ló wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ àyè ni, gbé ara rẹ wá. Bó o bá sì bi mí pé èwo ni mo fẹ́ nínú méjèèjì, owó kò mọ àkàbà gùn.

Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún kò ní sùn. Ire ọwọ́ rẹ kò ní já bọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tójú rẹ̀ wà lọ́nà.