Ẹ Dúró Wò Mí Di Ọ̀túnla

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi Lowri ti bí ìbejì, Emrys àbúrò rẹ̀ sì ti gbéyàwó. Mo ti pa orúkọ gbogbo wa dà.

Àárẹ̀ tí oorun kì í wò ló ń ṣe mí. Dókítà ní kí n máa fi ìrìn kún ìrìn. Mo gbọ́ràn; lọ́jọ́ kẹta ìrìn kọ̀ọ̀kan, ó ń dá mi dùbúlẹ̀. Mo ti lọ sí kíláàsì ẹ̀kọ́ ìwé àwọn àgbà, mo ń fúnra mi kàwé nípa àárẹ̀ náà: àwọn olùwádìí kan ṣì ń jà fún ìrìn náà, àwọn mìíràn ní ó ń pa wá lára.

Níbi ìgbéyàwó Emrys, mo rẹ́rìn-ín, mo jẹ kéèkì. Nerys ọmọ mi ní, “Màmá, ẹsẹ̀ tó gbé yín dé ìdí kéèkì kò ṣàìsàn o!”

Mo ní, “Dúró wò mí di ọ̀túnla.”

Ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun nílùú Cardiff, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò lè gbé ife tíì. Èmi nìkan ló wà nílé.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ tí ọmọ mi yóò fi dúró? Fún àwọn olùwádìí tó ń padà wá wo aláìsàn lọ́jọ́ kẹta, mo fi ogún pọ́n-ùn ránṣẹ́.