Àlùbọ́sà Ìlọ́po Méjì

Ẹ̀gbẹ́ ilé oògùn,
Santa Lucía, Maracaibo.
Ọjọ́ Àìkú.

Yorvis, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ tí o fi ń rìn ní Lima lọ́hùn-ún. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé òtútù ibẹ̀ kò dá ọ wó, pé o sì ń rí oúnjẹ jẹ yó. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń dùn mí bí mo bá dúró pẹ́. Nọ́ńbà tí o fún mi kì í lọ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì fi rán Maigualida, ọmọ oníbàtà, tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lima lọ́la. Ó ní òun mọ ibi tí ò ń gbé.

Ọmọláńkẹ́ wa ṣì wà níbi tí o fi í sí, mo sì ń ta búrẹ́dì onísọ́séèjì nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kù tó ń rà? Gbogbo kọ́sítọ́mà wa ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Tíṣà tó máa ń jẹ mẹ́ta láì mí, ó ti wà ní Bogotá. Àwọn ìbejì tó máa ń jà lórí wàràkàṣì ti lọ sí Chile. Bí iná bá ti lọ nírọ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yọjú, mo máa ń kà wọ́n lọ́kàn mi: eléyìí kò fẹ́ kábéèjì, tọ̀hún fẹ́ kí n da pòtétò díndín bo orí ẹ̀ títí sọ́séèjì ò fi ní hàn mọ́. Ìwọ ńkọ́, olójúkòkòrò? Gbogbo ẹ̀ pátá, àlùbọ́sà ìlọ́po méjì. Yorvis, àárò yín ń sọ mí. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan lẹ gbàgbé sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí o ti lọ, ọdún mẹ́ta rèé, gbogbo Jímọ̀ ni Màmá Edicta máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní aago márùn-ún, pẹ̀lú báàgì dúdú tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Nerio, ọmọ mi, ti Yorvis ni kí o ṣe fún mi o. Má ṣahun àlùbọ́sà." Mo ní, "Màmá, àlùbọ́sà tútù yìí ò ní dà yín láàmú báyìí?" Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́? Ṣáà ṣe é." Wọ́n á jókòó lórí àpótí rẹ, wọ́n á jẹ ẹ́ tán pátá, wọ́n á máa fọwọ́ ra àyà. "Kí ni ọmọ yẹn tiẹ̀ rí nínú èyí?"

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn á bẹ̀rẹ̀. "Ó pè mí lánàá. Ó ní pòtétò díndín ibẹ̀ kì í rún lẹ́nu bíi tiwa." Inú mi á dùn. Mo tilẹ̀ ń bínú sí ọ pé ìyá rẹ nìkan lò ń pè, o ò rí tèmi rò.

Lóṣù keje ọdún yìí, Màmá gbé fóònù wọn fún mi. "Bá mi wò ó, bóyá ó ti bàjẹ́. Kì í dún." Mo fi tèmi pè é. Fóònù náà dún gooro lọ́wọ́ wọn. Kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì tì í sínú báàgì. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní, "Ó pè mí lánàá." Mo ní, "Ẹ bá mi kí i, Màmá." Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò já a.

Jímọ̀ tó kọjá yìí, wọn ò jókòó. Ọwọ́ mi ti wà nínú àlùbọ́sà kí n tó béèrè, "Ti Yorvis, àbí?" Wọ́n ní, "Rárá. Ṣe tèmi fún mi lónìí."

Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi. Láti ọdún mẹ́ta, mi ò mọ bí obìnrin yìí ṣe ń jẹ tirẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n dúró rò ó díẹ̀, bí ẹni tí wọn ò bi nírú ẹ̀ rí. Wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Wọn ò dárúkọ rẹ. Wọn ò sọ pé o pè. Wọ́n kàn ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n sì lọ. Irọ́ yẹn tí mo ti ń gbọ́ tó ń dùn mí, òun gan-an ni mo wá ń fẹ́ gbọ́.

Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Bóyá iṣẹ́ ò sí. Bóyá ojú ń tì ọ́ pé ọwọ́ rẹ ṣófo. Ta ló béèrè owó lọ́wọ́ rẹ? Ọmọ burúkú, pe ìyá rẹ! Bó bá jẹ́ ẹkún lo fẹ́ sun, sun ún sétí wọn. Pè wọ́n ní Jímọ̀, ní aago márùn-ún, kí èmi náà lè gbọ́ ohùn rẹ. Nọ́ńbà wọn ò yí padà.

Ọlọ́run tó mú ọ kọjá ààlà kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ onílẹ̀ gbé ọ mì. Màríà Wúńdíá ti Chiquinquirá á máa ṣọ́ ọ. O ò ní pàdánù ẹni tó ń retí rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó kù nídìí ọmọláńkẹ́,
Nerio.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Kábéèjì díẹ̀, mọ́sítáàdì ìlà kan ṣoṣo, kò sí àlùbọ́sà rárá. Bí ìyá rẹ ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ nítorí ọjọ́ tí o bá dé tí o fẹ́ ra ọ̀kan fún wọn, kí o má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi wọ́n.