Ẹ̀rọ Tó Di Àlejò Nínú Ẹ̀rọ

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá àga jókòó, nítorí ó gùn díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ dùn ọ́ nítorí tèmi. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sùn mọ́jú? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, níbi tí wọ́n bá ti ń pe àwọn tó rí ṣe, wọn yóò pe tìrẹ mọ́ ọn. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, ṣùgbọ́n ti òsì ti túúbá. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, mo ti gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ òdìkejì ọ̀nà, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Rédíò nítorí pé kì í dákẹ́, ní kí n kí ọ. Díńgí rẹ̀ ńlá ti fọ́, èyí kékeré ló fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, ìdajì orí ni oníbàárà ń rí lẹ́ẹ̀kan, ìdajì yòókù, ìgbàgbọ́ ló kù.

Ohun tó mú mi gbé bíírò ni ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí n di ẹrù mi kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Mi ò dá ọ lóhùn, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Ọ̀rọ̀ náà ló kọjá ohun tí ènìyàn ń fi ìkánjú dáhùn, ilé tí èmi àti ìyá rẹ jọ gbé títí tó fi lọ ni o ní kí n fi sílẹ̀. Mo ti rò ó báyìí, àmọ́ kọ̀mpútà tí o gbé sílé yìí ló bá mi rò ó, nítorí náà jẹ́ kí n ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

O rántí pé ìyá rẹ ṣì wà láyé nígbà tí kọ̀mpútà àtijọ́, èyí tí mo fi ń darí ẹ̀rọ tó ń fi òwú kó ọnà sára aṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. O gbé tuntun wá. O ní ètò tí mo fi ń ya ọnà ti dàgbà jù, kò ní gbà láti ṣiṣẹ́ lórí tuntun, nítorí náà wàá gbé gbogbo inú àtijọ́ bó ṣe wà, wàá kó o sínú tuntun, kó máa gbé níbẹ̀ bí àlejò. Tuntun ni onílé. O ní àlejò náà kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nínú ara òun rárá, yóò máa rò pé inú àpótí òun lòun ṣì wà. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí, ó ní irú àlejò tí òun fẹ́ nìyẹn, kì í béèrè omi ìwẹ̀.

Èmi ò fi ṣe ẹ̀rín. Mo gbé fáànù kọjú sí wọn, nítorí ara méjì nínú àpótí kan, ooru á mú wọn. Bí mo bá fẹ́ pa kọ̀mpútà náà, àlejò ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún kí n tó sọ fún onílé, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ mi, mo sì rí i pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ẹyẹ dúdú tó sanra, tí àyà rẹ̀ funfun, tó máa ń yọjú bí mo bá tan iná sí i, òun ni mo mú ní bàbá onílé, mo sì ń kí i láràárọ̀. O ní Línúùsì ni, ètò tó ń darí kọ̀mpútà tuntun náà. Mo bi ọ́ léèrè nígbà náà pé èló ni yóò máa gbà lóṣù, o ní ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn ènìyàn káàkiri ayé tí wọn kò mọra ló jọ ṣe é, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò, ẹni tó bá rí ibi tó ya yóò rán an, yóò sì dá a padà fún gbogbo ayé láti lò. Ọ̀rọ̀ rírán yẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bá ń rán aṣọ tó ya fún ẹni tí kò rí rí, kò lè jẹ́ ènìyàn burúkú.

Nígbà tó di oṣù tó kọjá, o ní o kò ráyè wá, pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbowó lórí irú ilé tí wọ́n ń gbà wọ́n sí bẹ́ẹ̀ ti fi owó lé owó, gbogbo àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ wá ń kó jáde lọ sínú ti ọ̀fẹ́, ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ lẹ sì ń bá wọn kó. Àánú wọn ṣe mí. O ní ẹ máa ń gbé ọ̀pọ̀ wọn láti ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọn kò ní mọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kò ní dúró. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Rédíò. A rò ó títí. Ó ní ẹ ń fún wọn ní nǹkan mu ni, kí wọ́n má baà mọ̀. Mo wá ṣí yàrá ìyá rẹ, mo gbá a, mo tẹ́ ibùsùn, mo pè ọ́ pé bí méjì nínú wọn bá jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, kí o darí wọn síbí, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ìgbà yẹn lo tó là á yé mi pé ẹ̀rọ bíi tèmi ni wọ́n, àlejò inú ẹ̀rọ, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. O rẹ́rìn-ín débi pé o sunkún. O ò mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ yàrá náà nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń kó báàjì sára aṣọ ilé-ìwé fún ìyá olùkọ́ àgbà, iná lọ lójijì. Nígbà tí iná dé, onílé dìde, àlejò kò dìde. Mo rántí pé o ti bá mi fi ọjọ́ kan pamọ́ sínú rẹ̀, ọjọ́ tí o gbé e wọlé gan-an, o ní bí nǹkan bá bàjẹ́ pátápátá kí n pè ọ́, ká jọ tẹ ibì kan, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ náà. Mi ò pè ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó padà lóòótọ́. Ọnà tó yọ sójú rẹ̀ ni ti ọrùn ẹ̀wù ìyá rẹ, èyí aláwọ̀ ewé tó jókòó tì mí fún, tó ń ní kí n fi ewé kan kún un níhìn-ín, kí n yọ ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó kù díẹ̀ kó parí. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ohunkóhun. Kò gbọ́ pé ìyá rẹ ṣàìsàn, kò gbọ́ pé a ti sin ín. Ó ṣì ń dúró dè é kó wá sọ bóyá ewé ti tó. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi sì tún dùn, nítorí ó dà bí ẹni pé mo bá a nílé.

Lọ́sàn-án, ìyá olùkọ́ àgbà dé pé òun wá gba aṣọ. Mo wá báàjì rẹ̀, kò sí. Mo wá ọnà tí mo yà fún ọmọ Rédíò, kò sí. Gbogbo ohun tí mo yà láti ọjọ́ náà ti lọ, títí kan ti aṣọ àkọ́wọ̀ àbíkẹ́yìn rẹ, ọmọ tí ìyá rẹ kò dúró rí. Nínú ẹ̀rọ yẹn, a ò tíì bí ọmọ náà. Mo tún báàjì yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá olùkọ́ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, èmi ń ronú. Ọjọ́ ìyá rẹ ṣì wà níbẹ̀, mo lè tẹ̀ ẹ́ nígbàkigbà tó bá wù mí. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá padà síbẹ̀, màá pàdánù ọmọ rẹ.

Rédíò ní kí n má lọ o, pé àjò kò dùn kí onílé má relé. Mo ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ó dákẹ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe ilé rẹ. Ọ̀rọ̀ tí o fi kún un ni. O ní, “Bàbá, màá to yàrá yín bó ṣe wà nílé gẹ́lẹ́, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ kúrò.” Ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Àmọ́ mi ò fẹ́ dà bí ẹ̀rọ yẹn, tó jókòó sínú ilé onílé, tó rò pé ilé òun lòun wà, tó ń retí ẹni tí kò ní wá mọ́.

Nítorí náà, mo ń bọ̀. Má to yàrá kankan bí ti ibí. Gbé ibùsùn síbi tí mi ò mọ̀, jẹ́ kí àwọn ọmọ máa já wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bí mo bá ṣìnà lọ sí ilé ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣìnà. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kí òjò má pa ẹni tó bá máa gbé ibẹ̀ lẹ́yìn mi, sì fi owó ọkọ̀ ẹrù kún un, torí ẹ̀rọ tó ń kó ọnà kò ní jókòó lórí itan mi. Bí àwọn tó ń rán Línúùsì bá ní àpótí ọrẹ, yọ díẹ̀ nínú owó mi sí i, kí wọ́n fi ra òwú.

Má fi ọkọ̀ ìdájí wá gbé mi bí ẹ ṣe ń gbé àwọn wọ̀nyẹn láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọ̀sán gangan ni kí o wá, kí ojú mi là kedere. Èmi fúnra mi ni màá ti ilẹ̀kùn, màá dágbére láti ilé dé ilé. Mo fẹ́ mọ̀ pé mo kúrò.

Ọlọ́run tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ tìrẹ náà yóò pè ọ́ wá sílé nígbà tó bá yá, wàá sì bá a láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń di ẹrù lọ́wọ́.