"Kò Sí" tí Mo Kọ sí Iwájú Orúkọ Bàbá Káfíńtà

                                        Yàrá Kẹtàdínlógún,
                                        Ẹ̀ka Àkọsílẹ̀ Òṣìṣẹ́,
                                        Àjà Kejì.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, oṣù keje.

Ọ̀rẹ́ mi Lọ́yà, tí mo mú bí ọmọ ìyá,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí àgbà ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò, àbí wọ́n ṣì jọ ń jà? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Èmi náà wà. Ara mi dá, mo ń jẹun, mo ń sùn. Tí o bá béèrè bí ọkàn mi ṣe rí, n kò ní mọ ohun tí n ó sọ. Ó dà bí apá tí ènìyàn sùn lé: o rí i pé ó wà níbẹ̀, o fọwọ́ kàn án, kò dá ọ lóhùn.

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ bí kíka òṣìṣẹ́ tí ìjọba pàṣẹ ṣe lọ lọ́dọ̀ wa. Ó ti parí. Wọ́n ní àwọn orúkọ kan wà lórí ìwé owó-oṣù tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹni tó ń jẹ́ wọn rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà wá. Ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà wá, wọ́n to tábìlì sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí yóò máa pe orúkọ, tí yóò sì máa kọ ipò olúkúlùkù sórí fọ́ọ̀mù. Èmi ni wọ́n yàn ní ẹ̀ka tiwa.

O kò lè gbàgbé Bàbá Káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́yìn gáréèjì, àwọn tó bá ọ gé ẹsẹ̀ àga kúrú nígbà tí o ṣì wà lọ́dọ̀ wa, tí o ní ẹsẹ̀ rẹ kì í kanlẹ̀. Wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Oṣù mẹ́rìnlá ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ ìkànìyàn náà, tábìlì tí a ń kọ̀wé lórí rẹ̀ ń mì ṣáá. A ránṣẹ́ sí Bàbá. Bàbá dé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n ní ẹsẹ̀ kan ti jẹrà, àwọn ń lọ mú pákó wá. Bí wọ́n ṣe jáde ni mo dé orí orúkọ wọn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe wí. Mo sì kọ "kò sí".

Kò sí, Lọ́yà. Ohun tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn tí ẹnìkan bá jáde lọ mu omi. Ọ̀gá dà? Kò sí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ohun tí ìlànà ní ká kọ ni "kò sí ní ìjókòó". Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, èmi ni mo kà á sókè fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n orúkọ irinwó ló wà níwájú mi, ọwọ́ mi gé e kúrú. Ọmọbìnrin tó ń tẹ fọ́ọ̀mù sínú kọ̀ǹpútà kò rí ju ọ̀nà mẹ́rin lọ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹni tí kò yọjú: ìsinmi, àìsàn, ìfẹ̀yìntì, aláìsí. Èyí tó jọ ohun tí mo kọ ló yàn. N kò lè bá a wí.

Bàbá gbé pákó dé, wọ́n tún tábìlì ṣe, kò mì mọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ti pe àwọn. Mo ní mo ti pè, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ń bọ̀ fún àwọn tí kò sí ní ìjókòó. Ọjọ́ náà dé lóòótọ́. Orúkọ Bàbá kò sí lára àwọn tí wọ́n pè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà ìbánikẹ́dùn dé ilé wọn, tí a kọ sí "ìyàwó olóògbé". Bàbá fúnra wọn ló fọwọ́ gbà á. Wọ́n sì kà á fún ìyàwó wọn, nítorí pé dígí ojú ìyẹn ti fọ́. Ìyàwó ní, "Ẹ tún un kà. Ta ló kú?" Bàbá ní, "Èmi ni." Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó máa lọ, ẹ bá mi tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti ń ní 'lọ́la, lọ́la'."

Ní ibi iṣẹ́, ẹ̀fẹ̀ náà kò tán. Dírẹ́bà ọ̀gá á yọrí sí ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Olóògbé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí bàbá mi lọ́hùn-ún." Bàbá á ní, "Mo ti rí wọn. Wọ́n ní láti kékeré lo ti ya olórí kunkun." A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n káàdì Bàbá kò ṣí géètì mọ́. Wọ́n ń dúró síta láràárọ̀ kí ẹlòmíràn ṣí i, kí wọ́n lè tẹ̀ lé e wọlé.

Mo gbé fáìlì wọn tọ ọ̀gá wa lọ. Ó ṣí ìwé òfin iṣẹ́. Òfin wà fún ẹni tó sá lẹ́nu iṣẹ́ tó tún padà, ó wà fún ẹni tí a dá dúró tí a sì dá padà. Kò sí èyí tó wà fún ẹni tó kú tó sì ń wá síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ní ọ̀nà méjì péré ló rí, òun sì ti sọ méjèèjì fún Bàbá. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, pé òun ló ṣe àṣìṣe, kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí wọn yóò ti àkọsílẹ̀ pa. Àmọ́ àṣẹ ìjọba sọ pé ẹni tó bá kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nínú ìkànìyàn náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èkejì ni pé láti oṣù keje, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ iná àti ìtọ́jú ilé ń kúrò lọ́wọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Wọ́n lè gba Bàbá ní àdéhùn ọlọ́dún kan. Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ayùn kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun ni wọn yóò jẹ́. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n ti gbà pé fáìlì àtijọ́ ti pa dé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ìfẹ̀yìntì wọn ti bá a lọ.

Ọ̀gá wá wò mí. Ó ní, "Màdáámù, ta ló kọ fọ́ọ̀mù yẹn?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ. Lọ rò ó."

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an. N kò sunkún. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣe fáìlì àwọn tó ń lọ ìsinmi. Ọjọ́rú, mo to dúrọ́ọ̀ mi. Ọjọ́bọ̀ ni mo tó kọ ọ́, ìlà méjì: "Èmi ni mo ṣi í kọ. Káfíńtà wa wà láàyè, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà." Mo fọwọ́ sí i. Mo wo aago, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá kì í kúrò títí di mẹ́rin ààbọ̀. Mo fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, mo sì lọ sílé.

Ní agogo mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, mo mú un, mo ń gòkè. Bàbá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, íńkì wà ní àtàǹpàkò wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní tí n kò bá yára, ààyè á kún. Mo ti tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn náà."

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò dúró dè mí?"

Wọ́n ní, "Mo dúró dè ọ́. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dúró."

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ìwọ̀n pákó.

Mo ṣì gbé ìwé mi fún ọ̀gá. Ó kà á tán, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣàròyé mọ́. Ó fà á ya sí méjì, ó ní kí n lọ máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní aládàáni, o máa ń sọ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń lé yín, pé ìjọba ló dára, nítorí pé ìjọba kò lè lé ènìyàn láìkọ ìwé. Òótọ́ lo sọ. A kọ ìwé.

Àná ni àwọn òṣìṣẹ́ àdéhùn tuntun bẹ̀rẹ̀. Èmi ni n ó máa pe orúkọ wọn láràárọ̀ títí oṣù mẹ́fà ìdánwò wọn yóò fi pé. Bàbá dúró ní ìparí ìlà, lẹ́yìn àwọn tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti lò níbí, wọn kò fi "ẹ" kí mi rí. Mo pe orúkọ wọn. Wọ́n ní, "Mo wà níbí, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Màmá. Àwọn ará ọ́fíìsì ní kí n kí ọ. Bàbá kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, nítorí náà n kò ní ìkíni tiwọn lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀,
Onífáìlì.